Ilẹ̀kùn Tó Kúrò Ní Ìgbájọ

Ó ti pé ọdún mẹ́tàdínlógún tí mo ti ń kọ́ni ní ìtàn ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ní Ìgbájọ kí ọmọbìnrin kan tó bi mí ní ìbéèrè tí mi ò rí dáhùn lójú ẹsẹ̀. Oṣù September ni. Lọ́dọọdún, bí ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù náà bá ti ń súnmọ́, mo máa ń kó àwọn ọmọ kíláàsì mi jọ, a ó fẹsẹ̀ rìn láti Ìgbájọ lọ sí Ìmẹ̀sí-Ilé. Bí a bá fi ìdájí gbéra, oòrùn kì í tíì kàntàrí tí a fi ń débẹ̀. Òkè lọ́tùn-ún, òkè lósì ni. Níbi tí ọ̀nà ti rẹlẹ̀ díẹ̀ láàárín, mo máa ń ní kí wọ́n dúró. N ó nawọ́ sẹ́yìn pé, "Ìhà ibẹ̀ yẹn ni Ìbàdàn pabùdó sí." N ó nawọ́ síwájú pé, "Ìhà ọ̀hún ni Èkìtì Parapọ̀ wà. Ibi tí ẹ dúró sí yìí, ẹni tó bá dúró síbẹ̀ nígbà yẹn, kò ní padà sílé."

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, mo mú ìwé dání. Mò ń ka àdéhùn àlàáfíà ọdún 1886 fún wọn, mò ń túmọ̀ rẹ̀ bí mo ṣe ń kà á. Mo dé ibi tí wọ́n ti kọ ọ́ pé Ọ̀tan, Ìrèsì, Àdá àti Ìgbájọ yóò wà lábẹ́ Ìbàdàn, àti pé ẹni tó bá fẹ́ kúrò nínú àwọn ará ìlú mẹ́rin yìí láti lọ jókòó sí ilẹ̀ Èkìtì Parapọ̀, kí wọ́n jẹ́ kó lọ. Ọmọ náà nawọ́ sókè.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ta ló wá bi wá?"

Mo ní, "Bi wá ní kí ni?"

Ó ní, "Bóyá a fẹ́."

Mo ti ń ka ẹsẹ̀ yẹn fún ọdún mẹ́tàdínlógún, ọmọ Ìgbájọ sì lèmi náà, kò sọ sí mi lọ́kàn rí láti béèrè bẹ́ẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń tún ìtàn àlàáfíà yẹn kà, ohun tí mo rí níbẹ̀ ni mo fẹ́ sọ.

Àwọn èèyàn a máa pe Kírìjì, ogun tí wọ́n tìtorí rẹ̀ ṣe àdéhùn yẹn, ní ìjà ẹbí. Ó dùn mí tí wọ́n bá wí bẹ́ẹ̀. Ní 1877, kò sí ìjọba kan ṣoṣo tó kó Ìbàdàn, Iléṣà, Ìjẹ̀bú àti Ilé-Ifẹ̀ pọ̀. Ìlú kọ̀ọ̀kan ní ìjọba tirẹ̀, wọ́n ní ààlà, wọ́n ń gba owó ibodè, wọ́n ń rán ikọ̀ sí ara wọn. Èdè pa wọ́n pọ̀, Odùduwà pa wọ́n pọ̀, àmọ́ orílẹ̀-èdè tó múlé ti ara wọn ni wọ́n. Ogun láàárín wọn, ogun orílẹ̀-èdè ni, àlàáfíà wọn náà sì gba gbogbo ohun tí àlàáfíà orílẹ̀-èdè máa ń gbà: ikọ̀, ìwé, ẹlẹ́rìí, àti ẹni tí ẹ̀tọ́ rẹ̀ yóò bọ́ sínú kòtò láàárín àwọn tó ń fọwọ́ síwèé.

Ohun tó dá ogun náà sílẹ̀ kò fara sin. Lẹ́yìn tí Ọ̀yọ́ Ilé tú, Ìbàdàn ló di alágbára. Ó fi ajẹ́lẹ̀ sí ìlú lẹ́yìn ìlú ní ilẹ̀ Èkìtì, Ìjẹ̀ṣà àti Ìgbómìnà. Ajẹ́lẹ̀ ló ń gba owó òde, òun ló ń dájọ́, àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ a wọ ilé onílé, wọn a pa ẹran ẹlẹ́ran jẹ. Ní 1878, ní Òkè-Ìmẹ̀sí, Fábùnmi bẹ́ orí ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn kan. Lẹ́yìn ìyẹn, kò sí ẹni tó tún lè padà sẹ́yìn. Wọ́n ránṣẹ́ síra wọn láti ìlú dé ìlú, wọ́n parapọ̀, orúkọ tí wọ́n sì fún ara wọn náà nìyẹn. Ní ọjọ́ kìíní oṣù November ọdún kan náà, Ìbàdàn kọlù wọ́n ní Ìkirun, ó lé wọn débi tí ọ̀pọ̀ wọn fi bẹ́ sínú odò Ọ̀tìn. Ogun Jálumi nìyẹn. Ìbàdàn rò pé ó ti tán. Kò tán. Wọ́n lọ bẹ Ògèdèǹgbé Iléṣà kó wá ṣe olórí ogun wọn. Ọkùnrin tó ti ṣe ẹrú ogun n'Ìbàdàn nígbà èwe ni, ibẹ̀ ló ti kọ́ iṣẹ́ ogun. Kò sí ohun tí Ìbàdàn ń ṣe lójú ogun tó ṣàjèjì sí i.

Láàárín òkè Ìgbájọ àti òkè Ìmẹ̀sí-Ilé ni wọ́n wá kojú ara wọn sí. Àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì tó wà l'Ékòó, àwọn tó ti Sàró dé àti àwọn tó ti Brazil dé bíi Philip José Meffre, kò sùn. Wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, wọ́n dáwó, wọ́n ra ìbọn ránṣẹ́ sílé, irú èyí tí à ń ki ọta sí láti ẹ̀yìn. Ìbàdàn ṣì ń ki ẹ̀tù sí ẹnu ìbọn tirẹ̀, ó ń fi ọ̀pá gún un, kó tó tún yìn ín, ìbọn ọ̀hún ti dún bí ẹ̀ẹ̀mẹ́ta. Ìró ìbọn ńlá yẹn ló ń ta mọ́ ara òkè, tó ń dún kí-rì-jì, kí-rì-jì, títí ó fi di orúkọ ogun.

Ìyá bàbá mi kò bá ogun náà, ṣùgbọ́n ọwọ́ àwọn tó jà á ló dàgbà sí. Ó sọ fún mi pé ibùdó kì í ṣe àgọ́ mọ́ nígbà tó pẹ́. Ilé amọ̀ ni, ó ní àgbàlá, ó ní ọjà. Obìnrin ń bímọ síbẹ̀, ọmọ náà ń dàgbà tó láti gbé oúnjẹ lọ fún bàbá rẹ̀ lójú ìjà. Ìlú méjì ni wọ́n tẹ̀ dó síbẹ̀, iṣẹ́ ìlú méjèèjì kò sì ju kí wọ́n pa ara wọn lọ.

Ìbàdàn kò rí ojú kan ṣoṣo kọ. Ẹ̀gbá di ọ̀nà mọ́ ọn, Ìjẹ̀bú di ọ̀nà mọ́ ọn, Ìlọrin ń jà á láti òkè lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọ̀fà, Ifẹ̀ dìde sí i lẹ́yìn. Ẹ̀tù wọ́n, iyọ̀ pàápàá wọ́n. Ní oṣù August 1885, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò Látòósà, tó kó Ìbàdàn wọ ogun náà, kú sí ibùdó. Mo máa ń dúró díẹ̀ tí mo bá dé ibẹ̀ nínú ẹ̀kọ́ mi. Àwọn tí agídí rẹ̀ ti dè mọ́lẹ̀ lè wá sọ̀rọ̀ wàyí. Balógun Àjàyí Ọ̀ṣúngbékùn ló gba ipò olórí ogun, àlàáfíà kò sì dùn mọ́ ọn nínú tó láti lọ bẹ ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n kò tì í mọ́.

Kì í ṣe pé ẹnì kankan kò gbìyànjú ṣáájú ìgbà náà. Aláàfin Adéyẹmí kìíní ti kọ̀wé sí Gómìnà l'Ékòó láti 1881 pé kó wá bá òun parí ìjà. Àlùfáà J. B. Wood lọ bẹ̀ wọ́n ní 1884 àti 1885. Àmọ́ Accra ni wọ́n ti ń darí Èkó nígbà náà, àwọn tó wà ní London kò sì fẹ́ fi ọwọ́ kan ọ̀rọ̀ òkè. Oṣù January 1886 ni wọ́n ya Èkó sọ́tọ̀, Alfred Moloney di Gómìnà. Ìyẹn mọ ohun tó ń ṣe é: ogun ti dí ọ̀nà tí epo àti ẹ̀kùrọ́ ń gbà dé etíkun, Èkó kò sì ní nǹkan mìíràn tó ń jẹ. N kò fi ìyẹn bú u. Ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ ló ń wá kànga. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí a mọ̀ pé ìyà tó ń jẹ àwọn ọmọ tí wọ́n bí sí ibùdó kọ́ ló gbé e dìde.

Àwọn tó rán níṣẹ́, ọmọ ilẹ̀ wa ni. Àlùfáà Samuel Johnson ló lọ sọ́dọ̀ Aláàfin àti Ìbàdàn, Àlùfáà Charles Phillips tó ń ṣiṣẹ́ ní Òndó ló lọ sọ́dọ̀ Èkìtì Parapọ̀. Wọ́n rìn láàárín àwọn ibùdó ní oṣù bíi mélòó kan ọdún yẹn, wọ́n ń gbé ọ̀rọ̀ ẹnu alágbára kan lọ sí etí alágbára mìíràn. Nínú gbogbo ohun tí mo kà nípa Kírìjì, ìrìn àwọn méjì yìí ló ń wú mi lórí jù. Ó rọrùn láti yìnbọn lórí òkè. Láti kọjá láàárín ìbọn méjì tí ìwé nìkan sì wà lọ́wọ́ ẹni, ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ nìyẹn. Johnson yìí kan náà ló kọ ìwé ìtàn Yorùbá ńlá tó parí ní 1897. Ìwé náà sọnù lọ́wọ́ àwọn tó fi ránṣẹ́ sí, àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ló tún un kọ láti inú àkọsílẹ̀ tó kù, ó di 1921 kó tó jáde. Nínú rẹ̀ ni àdéhùn náà ti dé ọwọ́ ọ̀pọ̀ wa. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni Johnson, ojú Ọ̀yọ́ ló fi wo ọ̀pọ̀ nǹkan, ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ fún àwọn ọmọ mi pé tí wọ́n bá kà á tán, kí wọ́n lọ jókòó ti àgbàlagbà Ìmẹ̀sí.

Ẹ wá wo ìwé àdéhùn náà fúnra rẹ̀. Ó ní kí àlàáfíà wà títí láé láàárín gbogbo wọn. Ó ní kí wọ́n tú ibùdó, kí wọ́n ṣí ọ̀nà, kí ọjà máa lọ kó máa bọ̀. Ó ní kí Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà gba òmìnira wọn, ajẹ́lẹ̀ tán. Lẹ́yìn náà ni gbólóhùn kan wà tí mo fẹ́ràn, tí mo sì ń ka léraléra: kí Aláàfin Ọ̀yọ́ àti Ọwá Iléṣà jẹ́ ẹ̀gbọ́n àti àbúrò gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe wà nígbà tí àwọn Èkìtì ń dá dúró.

Àwọn amòfin Èkó kọ́ ló mọ èyí sọ. Ẹnu àwọn àgbà wa ni wọ́n ti gbọ́ ọ. Ẹni tó bá ṣẹ́gun kì í pe ẹni tí wọ́n ṣẹ́gun ní àbúrò, ẹrú ló ń pè é. Tí Ọwá bá jẹ́ àbúrò, a jẹ́ pé ọmọ ilé ni, ó ní ìpín nínú ogún, ẹ̀gbọ́n lè bá a wí ṣùgbọ́n kò lè fi ajẹ́lẹ̀ sí yàrá rẹ̀. Ọ̀yọ́ kò sọ ipò ńlá nù, Iléṣà kò sì forí balẹ̀ fún Ìbàdàn. Nínú ọ̀rọ̀ méjì péré, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò, wọ́n yọ idà kúrò láàárín. Àwọn ọba tí kò mọ̀wé kọ fọwọ́ kan kálámù, wọ́n fa àmì àgbélébùú sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ wọn. Bí mo bá ń wo àwọn àmì yẹn nínú ìwé, mo máa ń ronú nípa ọwọ́ tó ti di idà fún ọ̀pọ̀ ọdún, tó wá di ìyẹ́ tín-ín-rín.

Ṣùgbọ́n ó ku àwọn ìlú mẹ́rin. Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà ní kí wọ́n kúrò lábẹ́ Ìbàdàn, Ìbàdàn ní òun kò ní fi wọ́n sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ da gbogbo rẹ̀ rú. Ibi tí wọ́n parí rẹ̀ sí ni pé ilẹ̀ á jẹ́ ti Ìbàdàn, ẹni tó bá fẹ́ lọ, kó lọ. Nínú orúkọ gbogbo àwọn tó fọwọ́ sí i, mo wá orúkọ ọba Ìgbájọ, mi ò rí i. Mo wá ti Ọ̀tan, ti Àdá àti ti Ìrèsì, mi ò rí i. Ìdáhùn tó yẹ kí n fún ọmọ yẹn lọ́jọ́ náà nìyẹn: kò sẹ́ni tó bi wá.

Ẹsẹ̀ tó tẹ̀ lé e tún le jùyẹn lọ. Mọdákẹ́kẹ́ ló kàn. Àwọn ará Ọ̀yọ́ tí ogun lé wá sí Ilé-Ifẹ̀ ló tẹ̀ ẹ́ dó, lẹ́bàá odi Ifẹ̀ gan-an, lórí ilẹ̀ tí Ọọ̀ni fún wọn. Ifẹ̀ àti Mọdákẹ́kẹ́ ti jà, Ifẹ̀ ti tú lẹ́ẹ̀mejì, ní 1849 àti ní 1882. Àdéhùn ní kí Mọdákẹ́kẹ́ ṣí kúrò, kí wọ́n lọ kọ́ ìlú wọn sáàárín odò Ọ̀ṣun àti odò Ọbà, kí ẹni tó bá fẹ́ gbé lọ́dọ̀ Ifẹ̀ dúró, ṣùgbọ́n kì í ṣe nínú ìlú Mọdákẹ́kẹ́. Wọ́n mú kálámù, wọ́n fi ká ìlú kan kúrò nílẹ̀. Mo mọ ohun tí Ifẹ̀ jìyà rẹ̀, mi ò fojú di í. Àmọ́ ọmọ tí wọ́n bí sí Mọdákẹ́kẹ́ kò mọ ilé mìíràn. Wọn ò lọ. Wọ́n bẹ̀ wọ́n, wọ́n halẹ̀ mọ́ wọn, wọn ò lọ. Ọdún 1909 ni ìjọba òyìnbó tó fipá tú wọn ká, ọ̀pọ̀ wọn sì lọ sí Òdè-Òmu. Láti 1922 wọ́n tún ń padà bọ̀. Ìjà bẹ́ ní 1981, ó tún bẹ́ ní 1997, kò sì rọlẹ̀ títí di 2000. Bóyá ni àwọn tó kú ní 1997 mọ̀ pé ẹsẹ̀ kan nínú ìwé 1886 ti kan ìjà náà.

Ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù September ni àwọn aṣojú Gómìnà méjì, Henry Higgins àti Oliver Smith, kéde àlàáfíà láàárín ibùdó méjèèjì, àwọn sójà Haúsá tó bá wọn wá láti Èkó sì wà níbẹ̀. Kí oṣù náà tó parí, wọ́n tú ibùdó, wọ́n sì dáná sun ún lọ́tùn-ún lósì. Ìyá bàbá mi ní àwọn tó rí i sọ fún òun pé èéfín náà bo Ìgbájọ, kò sì sẹ́ni tó wọlé sá fún un. Ìta ni gbogbo ìlú dúró sí.

Ìlọrin ò fọwọ́ sí i ní tirẹ̀, ó kó Ọ̀fà ní 1887, Ìbàdàn ní láti lọ jókòó sí Ìkirun títí di 1893 nígbà tí Gómìnà Carter rìn kọjá ilẹ̀ wa tó sì tú àwọn ibùdó ibẹ̀. Nínú àdéhùn 1886, gbólóhùn kan wà tí kò sí ẹni tó kíyè sí tó bó ṣe yẹ nígbà náà: bí aáwọ̀ bá tún dé, kí wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ Gómìnà Èkó. Ẹni tó ń là wá níjà di adájọ́. Ní 1892 ìbọn rẹ̀ dún ní Ìmàgbọn, Ìjẹ̀bú bọ́. Ní 1893 Ìbàdàn fọwọ́ síwèé tirẹ̀. Ní 1894 Kápútẹ́nì Bower, ọ̀gá sójà òyìnbó, mú Ògèdèǹgbé, ó fi í ránṣẹ́ sí Ìwó, bó ṣe wù ú. Látòósà kò rí Ògèdèǹgbé mú. Bower rí i mú láìṣe ogun. Nígbà tí Ògèdèǹgbé padà dé, wọ́n fi í jẹ Ọbańlá Iléṣà, ó kú ní 1910.

Mo fẹ́ padà sí Ìgbájọ.

Bàbá tó bí bàbá bàbá mi ní àbúrò kan tó jẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà. Ìyàwó àbúrò yìí, ọmọ Ìmẹ̀sí ni. Ní gbogbo ọdún ogun, obìnrin náà ń gbọ́ ìbọn àwọn èèyàn rẹ̀ lórí òkè, kò sì lè dé ọ̀dọ̀ wọn. Nígbà tí ìwé ní kí ẹni tó bá fẹ́ lọ máa lọ, ọkọ rẹ̀ ní òun yóò bá a lọ. Ó kó irinṣẹ́ rẹ̀, ó wá yọ ilẹ̀kùn ìrókò tó gbẹ́ fún yàrá rẹ̀ nínú agbo ilé wa. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ń wò ó. Ohun tó sọ, gẹ́gẹ́ bí ìyá bàbá mi ṣe ń sọ ọ́ fún wa, ni pé, "Gbé e lọ. Ìwọ lo gbẹ́ ẹ." Ó bá a gbé apá kan dé ìta ìlú. Wọn ò fi ilẹ̀kùn mìíràn sí yàrá yẹn mọ́. Ẹní ni wọ́n ń fi kọ́ ọ títí mo fi gbọ́njú, a sì ń pè é ní yàrá ẹlẹ́ní.

Lọ́jọ́ tí ọmọ yẹn bi mí léèrè, nígbà tí a dé Ìmẹ̀sí-Ilé, mo kó kíláàsì náà lọ sí ilé tí ilẹ̀kùn wà. Ìyá àgbà tó ń gbé ibẹ̀ kí wa káàbọ̀, ó fún àwọn ọmọ lómi. Ilẹ̀kùn náà ti dúdú bí ẹ̀yìn ìkòkò. Ihò ọta méjì ló wà lára rẹ̀ ní ìsàlẹ̀, ọ̀kan gba inú rẹ̀ já. Wọ́n gbẹ́ ọkùnrin kan tó gun ẹṣin sí àárín, ṣùgbọ́n ẹṣin náà kò ní ìrù. Ẹnu ọ̀nà tí wọ́n gbé e sí ló kéré, wọ́n ní láti fi ayùn gé etí ilẹ̀kùn náà kó tó lè wọlé. Ìrù ẹṣin bá gígé yẹn lọ.

Ọmọbìnrin náà na ọwọ́ rẹ̀ sí ilẹ̀kùn náà láti etí dé etí, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ wọ̀n ọ́n, ó kọ iye rẹ̀ sínú ìwé. Kò sọ nǹkan kan. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, ó wá sí agbo ilé wa lẹ́yìn ilé-ẹ̀kọ́, ó kí àwọn àgbà, ó ká ẹní sókè, ó wọn ẹnu ọ̀nà yàrá ẹlẹ́ní. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì kí ó má baà ṣì í.

Ó ní, "Mà, àtẹ́lẹwọ́ kan àti ìka méjì ló fi dín."